Bátìrì Kẹjọ

Tíṣà Fọwọ́kàn-án ni wọ́n ń pe obìnrin náà nílé ìwé, àmọ́ Anti ni àwọn ọmọ kíláàsì kejì tó ń kọ́ ń pè é. Kò nígbàgbọ́ nínú ẹ̀kọ́ téèyàn ń fi etí nìkan gbọ́. Bó bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ìdérí ìgò ni wọ́n ń tò. Bó bá kan ọ̀rọ̀ irúgbìn, ọwọ́ wọn á dọ̀tí dé ìgúnpá. Ọ̀gá àgbà, tó fẹ́ kí kíláàsì máa dákẹ́ rọ́rọ́, ti kìlọ̀ kìlọ̀ títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n ọmọ télọ̀ ni Fọwọ́kàn-án. Ẹ̀gbẹ́ màṣíìnì ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé okùn àti abẹ́rẹ́ fún un. Ó ń wo ìyá rẹ̀ ni, ó sì ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà yẹn, ọ̀kankan ò sì fara pa lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́rú kan, iná ni wọ́n ń tàn. Ó mú bátìrì aago mẹ́jọ wá, pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọn ò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ níwájú, pẹ̀lú wáyà, téèpù àti gílóòbù kékeré, lẹ́yìn náà ló pín wọn fún tábìlì mẹ́jọ. Nígbà tí iná ti tábìlì tó gbẹ̀yìn tàn, àtẹ́wọ́ sọ. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kó o padà. Òfin rẹ̀ ni pé iye tó bá jáde nínú páálí ló gbọ́dọ̀ wọlé.

Ó ka bátìrì, ó jẹ́ méje. Ó tún un kà, méje náà ni.

Ó ti ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí náà: bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ó lè dá ọgbẹ́ tó ń pani sílẹ̀. Ẹ ó bi í pé kí ló wá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì fún. Òun náà ti ń bi ara rẹ̀.

Ó wá abẹ́ tábìlì, ó wá inú àpò àti inú bàtà. Ó béèrè ta ló fi í sẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ, gbogbo kíláàsì sì pa lọ́lọ́. Ọmọ tó bá rí ẹ̀rù lójú àgbà kì í lanu sọ̀rọ̀ mọ́. Bóyá ó ti yí sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Bó bá sáré jáde báyìí, ọ̀gá àgbà á fòpin sí ẹ̀kọ́ ọ̀hún, bóyá sí iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi rúlà ro abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku àti kùkùté pẹ́ńsùlù ló jáde.

Bó ṣe gbójú sókè, ó rí Wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọbìnrin tó kéré jù ni, torí pé ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó na ọrùn, ó ń gbé nǹkan mì léraléra, itọ́ sì ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀.

“Ṣé o gbé e mì ni?”

Ọmọ náà fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ló bá bú sẹ́kún.

Fọwọ́kàn-án gbé e, ó di ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà ò bi í léèrè méjì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ Fọwọ́kàn-án wà lẹ́yìn ọmọ náà, ó ń ka èémí rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀, dókítà sì fi hàn wọ́n: nǹkan roboto kan, ó funfun, ó há síbẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ wọlé, ilẹ̀kùn tì. Ìyá ọmọ sáré dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Fọwọ́kàn-án ò lè wo ojú rẹ̀. Àdúrà ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣáà ń kà láti ọ̀kan dé méje, ó ń tún un kà.

Nígbà tó yá, dókítà jáde. Wọ́n ti yọ ọ́. Ọgbẹ́ náà kéré, ṣùgbọ́n ọmọ á sùn sọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá ń nu omijé, ó sì ń bínú, bí ìyá ṣe máa ń ṣe tẹ́rù bá ń lọ. “Ta ló kọ́ ẹ pé wọ́n ń fi bátìrì sẹ́nu? Àbí ta ló ṣe é tó o rí i?”

Wúyẹ́wúyẹ́ wo Anti rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Ìgbà yẹn ni Fọwọ́kàn-án rí ara rẹ̀ níwájú kíláàsì láàárọ̀: wáyà lọ́wọ́ òsì, téèpù lọ́wọ́ ọ̀tún, bátìrì láàárín ètè, gẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi ètè di abẹ́rẹ́ mú bó bá ń gé aṣọ. Ẹ̀rù tó bà á níbi tó ti ń dúró de dókítà kéré sí èyí. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ò ní sọ, ó ti hàn lójú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí mọ́,” ló wí fún ìyá ọmọ. “Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Ó gbé ohùn sókè kó lè dé ẹnu ọ̀nà.