Ìwé Tí N Kò Kà fún Un

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé oorun ló fi ń bá mi tún ìwé ṣe. Ìtàn àwọn ọmọdé ni mo máa ń kọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, á wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich wá sílé mi ní Thamesmead, á gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, á nà gbalaja sórí àga gígùn mi. "Ó yá, Writer, máa kà á." Èmi á máa kà. Ibi tó bá ti hanrun ni mo máa fi bírò pa rẹ́, torí ibẹ̀ ni ìtàn ti kú. Àwọn tó ń bá mi tẹ ìwé rò pé ọgbọ́n orí mi ni. N kò sọ fún wọn rí.

Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Aládùúrà ni, bó bá ti wọ sùtánà funfun, kò ní wọ bàtà, yìnyín ìbáà bo ilẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run náà mọ̀ pé London tutù. Á ní ìyẹn sàn ju ṣọ́ọ̀ṣì tiwa lọ, níbi tí maikirofóònù ti ń di Ọlọ́run létí.

Ọdún tí wọ́n gbé ìdíje ìbọn Olympics wá sí bárékè àwọn sójà ní Woolwich ni mo pàdé rẹ̀, àmọ́ òtútù ti dé, àwọn èrò ìdíje ti lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni. Ẹni tó gbà á sílé kò fẹ́ rí i nílé lọ́sàn-án. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí kò bá lọ tọ́jú àwọn arúgbó, férì Woolwich, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń gbé èèyàn sọdá odò Thames, ló máa ń wọ̀, á sọdá, á tún padà. Wọ́n á ní kó bọ́ sílẹ̀, á bọ́ sílẹ̀, á tún tò. Èmi náà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, torí n kò lè kọ nǹkan nínú ilé tó dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó ní, "Sister, ẹ̀yin náà ò ríbi lọ ni?" Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ sí ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common, ó gba ilé tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá a, ọmọ-ọmọ dé. Mo wá kọ ìwé kan nípa obìnrin tó ń fi férì ṣe ilé, títí àwọn ẹyẹ odò fi dá a mọ̀. Mo jẹ́ kó dá wà, kí àánú rẹ̀ lè ṣe àwọn ọmọ. Ìwé yẹn nìkan ni n kò kà fún un. Mo ń sọ fún ara mi pé mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí kó má baà ní kí n má tẹ̀ ẹ́.

Ìwé jáde. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, mú ọ̀kan wálé láti ilé ìwé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ mí láago: "Auntie, Mummy ti rí ìwé yín o." Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Mo pè é, kò gbé e. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ni ká wá sọ nípa ohùn tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé, tí wọ́n ti kó lọ sí ilé ìwé káàkiri? Ojú tì mí. Mo ti kó ìgbà ìṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo jókòó kàwé fún àga òfìfo, ẹnikẹ́ni ò hanrun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo se mọ́ínmọ́ín tèmi, tí kò dùn tó tirẹ̀, mo gbé e lọ. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni mo kúnlẹ̀.

"Auntie mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n gbàṣẹ."

"Dìde jàre, kí neighbour má lọ pe police."

Ó mú mi wọlé, ó ṣí ìwé náà síwájú mi. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, ma."

"Èmi nìkan?"

Mo tún tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Mo ní ṣé èmi nìkan ló wà nínú ferry yẹn? First page, èmi nìkan. Last page, èmi àti ẹyẹ. Ọmọ yìí bi mí pé, 'Grandma, didn't you have any friends?' Ìwọ tó o jókòó tì mí láti November títí di Easter, o yọ ara ẹ kúrò!"

"Mo rò pé torí mo tú àṣírí yín lẹ ṣe ń bínú."

"Àṣírí wo? Gbogbo ward mi ló mọ̀. Mo máa ń fi ṣe wọ́n lẹ́rìn-ín ni."

Mo bú sẹ́kún.  Ó na ọwọ́ mú kéréyọ̀nù ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya obìnrin kejì sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, aláwọ̀ ewé, orí rẹ̀ rìbìtì bí ẹ̀gúsí bàrà.

Mo nu ojú mi. "Auntie mi, orí mi ò tóbi tó yẹn."

"Jókòó jẹ́ẹ́," ó ní, "ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."