Òrùka Gáàsì àti Ọta Àfọwọ́dí

Ìró yẹn kò jọ ti ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn irin bá já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ènìyàn. Nígbà tí mo lajú, àbúrò ìyàwó mi ti jókòó sórí koríko pápá ìyìnbọn, ikùn ìbọn rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Mo kàn bá a wá wòran ni. N kò fọwọ́ kan ìbọn.

Ní àwọn ọdún 1980 yẹn, ilé wa ní Tinley Park lókè òkun ló ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, ìbọn sì ni eré ìdárayá rẹ̀. Kì í ra ọta. Bésímẹ́ǹtì wa, yàrá abẹ́ ilé, ló ti ń dí tirẹ̀: á mú ìkarahun idẹ tí wọ́n ti yìn, á bu ẹ̀tù sí i, á fi orí ọta tuntun dé e. Ẹ̀tù díẹ̀ ló ń bù, kí ìbọn má baà ta á léjìká jù. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀tù ni ìbọn yẹn fi ń ju ìkarahun nù, tó sì fi ń kó ọta mìíràn sẹ́nu. Bí ẹ̀tù bá kéré, gáàsì kì í tó. Nítorí náà, ó máa ń yí òrùka kan lára ìbọn náà kí gáàsì tó pọ̀ sí i lè wọlé.

Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, tí wọ́n ti yọ irin lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, òrùka yẹn ló dá lẹ́bi.

"Mo yí i jù ni, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi á yá mi ní ìbọn tirẹ̀ ní Sátidé, màá yin ìyókù."

"Ìyókù wo?"

"Páálí kan ṣì wà nísàlẹ̀."

Mo mọ̀ pé ọta kì í ṣàdédé bú nínú páálí. Síbẹ̀, n kò lè gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n kò sì fẹ́ kí ó yìn ín. Mo ní kó dà wọ́n nù. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rù ti bà yín jù. Bí ìkòkò bá hó báyìí, ẹ óò sá."

Ìyàwó mi tó ń gé ẹ̀fọ́ gbójú sókè. "Ìwọ tí o jókòó sórí koríko bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú? Ọjọ́ tí Bàbá ti Edgewater wá kí wa, ṣé iṣẹ́ ọta yìí kọ́ lò ń ṣe?"

Mo rántí. Bàbá yẹn jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa. Èmi ló mú un sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Àbúrò wa fi ṣíbí ẹ̀tù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkarahun tó tò ní ìlà ìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá bi í ní ìgbà tó máa gbéyàwó, ó wá gbàdúrà lé e lórí. Àdúrà náà gùn.

"Nígbà tí o dìde," ìyàwó mi ní, "ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mo rò pé n kò tíì bù sí ìlà yẹn."

"O rò."

"Àǹtí, ẹ̀tù yẹn kéré. Bí mo bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kún dé ẹnu. N kò ní mọ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Òrùka ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Inú ìbọn ló ti máa bú."

Ní Sátidé, kò lọ sí pápá. Ó jókòó sí gáréèjì lọ́sàn-án, ó fi òòlù kan tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn ń gbọn orí àwọn ọta náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń da ẹ̀tù wọn sí àwo funfun. Mo dúró lókèèrè. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń jáde, títí ọ̀kan fi da òkìtì sílẹ̀.

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n."

"Mo rí i."

Ó tún rí òmíràn. Kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀tù inú èyí tó gbẹ̀yìn kò ju bó ṣe yẹ lọ. Ó da páálí dojú dé, kò sí nǹkan kan tó bọ́ sílẹ̀. Ó fọ́n ẹ̀tù náà sórí koríko ẹ̀yìn ilé, ìyàwó mi sì bu omi lé e. Ìgbà yẹn ni mo tó tún sọ̀kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì láti ọjọ́ tí ìbọn ti bú, mo jókòó.