Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Tí ẹ bá wo ojú rẹ̀ láti ọ̀tún, tí ẹ tún yí sí òsì, ẹ ó rò pé èèyàn méjì ni. Ọ̀tún ń dán, ó jọ ti ẹni tó ṣì lè ṣe fáàrí. Òsì ti hunjọ, ó ṣú, àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì kún un. Awakọ̀ ni obìnrin náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ìránṣọ, òsì sì ni fèrèsé rẹ̀ wà. Màmá Bọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń pè é. Oòrùn ò ṣàánú opó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ló ń jó lójoojúmọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, bọ́ọ̀sì yìí náà ló sì fi tọ́ ọ dé yunifásítì. Nígbà tí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà ọmọ náà ní àwọn ń bọ̀ wá kí ìyá ìyàwó, ọmọ gbé ike ìpara kan wálé.

"Màmá, ásíìdì díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ó máa bó awọ tó ti gbó yẹn kúrò, tuntun á jáde. Ẹ rẹwà tẹ́lẹ̀ náà, àtúnṣe díẹ̀ ló kù."

Àtúnṣe, bíi pé ilé tó ń jò ni. Ṣùgbọ́n inú Màmá Bọ́ọ̀sì dùn. Ó fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí àwọn àna wò ó, kí wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ rèé." Kò wá nǹkan mìíràn láyé.

Ó tiẹ̀ ṣe bí ọlọ́gbọ́n, ó gbé ike náà lọ bá oníkẹ́míìsì.

"Ìpara dáadáa ni o, màmá," oníkẹ́míìsì wí. "Alẹ́ ni kí ẹ máa lò ó, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún oòrùn, torí awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó kì í lè gbà á. Ẹ ra èyí tó ń dènà oòrùn mọ́ ọn, kí ẹ máa fi para láàárọ̀."

Màmá Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Oòrùn wo? Ṣé ojú títì ni mo ti ń tajà ni? Abẹ́ òrùlé ni mo ń jókòó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́."

Awakọ̀ nìkan ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ló wà nínú oòrùn, àánú wọn a sì máa ṣe é.

Ọ̀tún gba ìpara, ó jọ̀lọ̀. Òsì náà kọ́kọ́ jọ̀lọ̀, ló bá ń bù ú nípọn síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń ta á, ó pọ́n, ó wú, ó bó, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ṣì ń fi para. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àna dé, ọmọ rẹ̀ wọlé, ó rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó ń dùn ún.

"Màmá! Wọ́n á rò pé àrùn ìdílé ni!" Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Àǹtí jókòó bí ìyá mi lọ́la. Ọ̀la nìkan. Màá ṣàlàyé fún wọn tó bá yá."

Àǹtí yìí, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni, tí kò wẹ̀ ẹ́ rí, tí kò pọ̀n ọ́n rí. Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Bọ́ọ̀sì wọ egungun. Igbe ló fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ni yóò wá lọ gbé wọn ní òtẹ́ẹ̀lì?"

Ọmọ náà mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lórí tábìlì, ó fi lé e lọ́wọ́.

Bó ṣe di awakọ̀ àwọn àna ara rẹ̀ nìyẹn. Ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti pálọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbá láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó tún ń gbé wọn padà. Ìyá ọkọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Onínúure èèyàn ni.

"Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ mọ ìyàwó wa?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ọmọ dáadáa. Ẹ ò rí òun àti ìyá rẹ̀, wọ́n jọra bí ìmumu!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ó wí. "Wọ́n jọra." Ó yí jíà, wọ́n ń lọ.