Gàfárù Káfíńtà, Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Oúnjẹ Ti Dùn

Bí ebi bá pa yín dé Bẹ́yẹrúnká, ẹ má wulẹ̀ bi ọlọ́kadà, ẹ má sì bi àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Ẹ béèrè Gàfárù káfíńtà. Ẹ óò bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín èérún pákó. Kò ní sọ ibi tí ẹ ó lọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà o. Yóò kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, yóò yọ pẹ́ńsù etí rẹ̀, yóò fi họ orí, yóò wá bi yín pé, “Irú ebi wo ló ń pa yín?”

Torí pé lójú Gàfárù, ebi ju oríṣi kan lọ. Bó bá jẹ́ ebi ẹni tó ti àárọ̀ ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan kan kan ẹnu, yóò ní kí ẹ gba ìsàlẹ̀ Mápó, kí ẹ béèrè Daniel ará Bẹ́núé. Ọkùnrin ni Daniel, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gúnyán, ẹ ò ní rí kókó kan ṣoṣo nínú iyán rẹ̀. Bó bá jẹ́ ebi ẹni tí inú ń bí, ẹ lọ sọ́dọ̀ bàbá Hausa tó ń ta túwó lẹ́yìn ọjà, torí bàbá yẹn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, yóò kàn bu ọbẹ̀ kúkà lé e, yóò fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú yín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó iṣẹ́, Bẹẹrẹ ni kó kọrí sí, lọ́dọ̀ Felicia ará Kàlàbá, níbi tí ìgbín àti ẹja gbígbẹ ti ń du àyè mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ nínú abọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ebi kọ́ ló ń pa yín rárá, tó jẹ́ pé ọ̀fun yín ló kàn ń dá yín láàmú, Gàfárù yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò ní, “Ẹ lọ sí Òkè-Àdó. Ẹ̀bùnọlá ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìkọ́kọrẹ́. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín.”

Ẹ óò ní kí ló kan káfíńtà kan ọbẹ̀. Ó kàn án o! Gàfárù ló kan bẹ́ǹṣì àti tábìlì fún gbogbo wọn pátá. Ó ní bẹ́ǹṣì ilé oúnjẹ kò jọ bẹ́ǹṣì ilé kéwú, torí ẹni tó bá jẹun yó ti wúwo ju bó ṣe jókòó lọ. Nítorí náà, bó bá ti gbé bẹ́ǹṣì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an níṣẹ́, ó di dandan kó padà wá jókòó lé e, kó jẹ odindi abọ́ kan, kó fi dán an wò. Ẹ̀rù ọmọ aráyé ń bà mí. Bẹ́ǹṣì tó kàn fún Felicia ti lé lọ́dún mẹ́ta, ó ṣì ń dán an wò.

Ìyàwó rẹ̀ ni Zulaihat, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ l'Ọ́jà'ba. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Hikmat ni àgbà. Ìyá Zulaihat náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ilé rẹ̀ n'Ídìí Àrẹ̀rẹ̀. Alájà Sìdí ni wọ́n ń pe ìyá yìí, àgbà tí ẹnu rẹ̀ mú, tí tẹ̀súbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wá sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún tọmọdé tàgbà. Ó so okùn mọ́ Gàfárù lápá, ó kùn hùn-ún. Ó so ó mọ́ Alájà lápá, ó tún kùn hùn-ún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ga kọjá ààlà, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín mágí kù, kí wọ́n dín òróró kù. Gàfárù rẹ́rìn-ín. Alájà ní lágbára Ọlọ́run kò sí ohun tó ń ṣe òun. Zulaihat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ìkòkò ti di méjì lórí iná. Ti àwọn ọmọ wà lọ́tọ̀, ó níyọ̀, ó láta, ó ń ta sánsán. Ti àgbà náà wà lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n pe ti àgbà yìí? Ọbẹ̀ àtẹ́ ni, ó mọ́ lóló, ẹ lè fi ṣe àlùwàlá. Nígbà kan tí ara kò gba Gàfárù mọ́, ó yọ́ lọ ti ṣíbí bọ ìkòkò àwọn ọmọ, ni Hikmat bá figbe ta, “Màámi! Bàbá ń jẹ ọbẹ̀ wa!” Ojú ti bàbá ńlá.

Ta ló wá fẹ́ la ẹnu sọ fún Zulaihat pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é jẹ? Àwọn àgbà ní obìnrin tó mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè ló ni ọkọ. Ẹni tó bá sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n sè, ó ti lé e kúrò nílé ọkọ nìyẹn. Gàfárù kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò ti yó bọ̀ láti ìta, yóò wá bu òkèlè ẹ̀bà mẹ́ta, yóò ní “Alihamudulilai,” yóò ní inú ń run òun díẹ̀, yóò wọlé lọ sùn.

Ti Alájà tilẹ̀ dára jù ú lọ. Ààwẹ̀ lòun bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ó kọ́kọ́ jẹ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Nígbà tó yá, ó ní òun rántí àwọn ààwẹ̀ tí òun jẹ sílẹ̀ nígbà tí òun ń bímọ, pé òun fẹ́ san án tán kí ọlọ́jọ́ tó dé. Bílẹ̀ bá ti ṣú báyìí, dàbínù kan, omi tútù, ó parí. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní ẹ wo obìnrin yìí, ayé ti tán lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Zulaihat kì í ṣe òmùgọ̀. Ọkùnrin tí kò jẹun nílé, tí kò rù, tí bẹ́líìtì rẹ̀ tún ń wá ihò mìíràn, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó gbà pé obìnrin kan wà níta tó ń bọ́ ọ. Ó sunkún títí, ó wá lọ bá Bàbá Àkíbù, ẹ̀gbọ́n bàbá Gàfárù, tó jẹ́ mọ́gàjí agbo ilé wọn. Bàbá ní kí wọ́n pé jọ ní Tọ́sìdeè lẹ́yìn ìrun aláásárì. Zulaihat sì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé, “Bí kò bá dárúkọ obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn, n ó kó àwọn ọmọ mi, n ó máa lọ.”

Ọ̀ràn dé! Gàfárù kò rí oorun sùn. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an, kò sì ní àlè kankan. Bó bá sọ òótọ́, ó ti bú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lójú mọ́gàjí. Bí kò bá sì sọ ọ́, àlè tí kò ní ni yóò lé ìyàwó tó ní lọ.

Nígbà tí Tọ́sìdeè pé, ọwọ́ rẹ̀ kò gba ayùn mọ́. Ní ọ̀sán gangan, ó forí lé Òkè-Àdó. Ó ní bí wọn yóò bá pa òun ní aláásárì, kí wọ́n pa òun ní àyó. Ẹ̀bùnọlá bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, èéfín ń yọ lórí rẹ̀, ẹja yọjú láàárín rẹ̀. Gàfárù tẹ orí ba.

Ẹ sì mọ bí ẹnu wa ti rí nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń jẹun, tó gbúròó ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, kò ní gbé ojú sókè kó tó pè é sí oúnjẹ. Onítọ̀hún náà yóò ní “Á gba ibi ire,” yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni bàtà kan ń ṣe ṣá-ṣá-ṣá bọ̀. Gàfárù fi ẹnu kíkún ní, “Ẹ bá mi re o.”

Kò gbọ́ “á gba ibi ire.” Ohun tó gbọ́ ni ohùn Ẹ̀bùnọlá láti ìdí ìkòkò. “Alájà, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé bíi ti Mọ́ńdè ni kí n bù ú, àbí kí n fi pọ̀nmọ́ kún un?”

Gàfárù gbé ojú sókè. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀ gbagidi, ìborùn aláwọ̀ ewé lórí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

“Jókòó jẹ́ẹ́,” ni Alájà wí. “Má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá.”

“Alájà, ṣé ẹ ò gbààwẹ̀ ni?”

“Bàbá Hikmat, ṣé inú ò run ọ́ mọ́ ni?”

Ni Ẹ̀bùnọlá bá tún yọjú, ó ń na ìpọn ọbẹ̀ sókè. “Alájà, ẹ foríjì mí. Mo rò pé ó ṣẹ́kù ni. Èyí tó wà níwájú bàbá yìí ló gbẹ̀yìn.”

Alájà wo abọ́. Ó wo Gàfárù. Ó tún wo abọ́. “Ṣebí o ní kí n bá ọ re?” ló wí, ó fọwọ́, ó jókòó, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ti rí i rí? Àna àti ọkọ ọmọ nínú abọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń fi ìka ṣọ́ ẹja mọ́ ara wọn lọ́wọ́! Nígbà tí abọ́ mọ́, Alájà nu ẹnu, ó mú un búra pé abẹ́ ahọ́n ni ọ̀rọ̀ náà yóò sùn sí.

“Kí ni kí n wá sọ ní aláásárì?” ni Gàfárù bi í.

“Ọlọ́run á lànà,” ni Alájà wí, ó sì dìde lọ kírun.

Ó ku ọ̀kan tí wọn kò mọ̀. Ọmọ́tọ́lá onídìrí, aládùúgbò wọn, wà nínú kẹ̀kẹ́ tó kọjá lọ lójú títì. Ó rí ojú Gàfárù kedere. Ti obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí títì, ìborùn rẹ̀ nìkan ló rí.

Bí wọ́n ti pé jọ nílé Gàfárù, tí Alájà jókòó sí kọ̀rọ̀ kan tó ń ka tẹ̀súbáà, Zulaihat kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú Bàbá Àkíbù, torí wọn kì í fi ebi gbẹ́jọ́ lágboolé wa. Bàbá bu òkèlè kan, ó wo inú abọ́. Ó bu èkejì, ó béèrè omi. Ó ní, “Ó dára, ó dára, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé.” Ó rọra ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ni Ọmọ́tọ́lá bá ro tirẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́, ó tún fi tẹnu rẹ̀ kún un. “Abọ́ kan náà, bàbá! Ọwọ́ wọn ń pàdé nínú abọ́! Obìnrin náà tiẹ̀ ń lérí mọ́ ọn pé kó fún òun ní ẹja!”

Ẹkún gbọn Zulaihat. “Ẹ dárúkọ rẹ̀, Bàbá Hikmat. Orúkọ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́.”

Gàfárù wo àjà tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ó ti búra. Àna ni àna í jẹ́, kò lè tú u sí gbangba. Zulaihat dúró títí, nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, “Hikmat, mú àbúrò rẹ, ká máa lọ.” Gàfárù ṣubú lulẹ̀ gbalaja, ó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Tẹ̀súbáà Alájà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí.

“Ẹ̀yin ni kí ni?” ni Bàbá Àkíbù bi í.

“Èmi ni obìnrin náà. Ìkọ́kọrẹ́ la jẹ. N ò gbààwẹ̀ kankan, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ nítorí àlè, kò ní àlè.”

Ọmọ́tọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àkíbù wúkọ́, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Níbo ni wọ́n ti ń ta ìkọ́kọrẹ́ yìí?”

Zulaihat ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀.

“Ọbẹ̀ mi ò ṣe é jẹ,” ló wí. “Ohun tí ẹ ò lè sọ nìyẹn.”

Alájà fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ bojú.

“Mo mọ̀. Èmi náà lẹ́nu. Ìkòkò àwọn ọmọ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mò ń sè é, iyọ̀ wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀. N ò bù ú jẹ rí. Mo ní bí ọkọ mi àti ìyá mi bá ń jẹ àtẹ́ kí wọ́n má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni èmi fẹ́ fi dídùn ṣe? Mo ń jẹ ẹ́, ó ń kọ́ mi lọ́fun, mo ní a jọ ń jẹ ẹ́ ni.” Ó nu ojú rẹ̀. “Àṣé èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́.”

Bàbá Àkíbù tẹjú mọ́ ilẹ̀. Gàfárù dìde jókòó. Ó fa abọ́ tí mọ́gàjí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó fọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó ṣe díẹ̀, Alájà náà fi tẹ̀súbáà sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó ti ọwọ́ bọ abọ́ náà. Zulaihat dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán, kò sì sí èyí tó sọ pé ó dùn nínú àwọn méjèèjì.