Ilé Tí Bàbá Fi Jáàkì Gbé Ró

Títí di òní, bí ọkọ̀ bá já sí gọ́tà ní àdúgbò wa l'Ọ́fà, ẹ̀rín làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó káàánú onímọ́tò. Bàbá kan tó ń jẹ́ Abdulganiyu ni wọ́n ń rántí, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Jáàkì.

Onọrébù kan ló wá ṣèpàdé lọ́jọ́ kan, tí ọkọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀yìn já sí gọ́tà níwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n sáré lọ pe Bàbá. Bàbá gbé jáàkì rẹ̀ lé èjìká, ó dé, ó wo ọkọ̀, ó wo ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn tó ń tẹ fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá náà wí. "Onọrébù lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́. Jáàkì mi kì í dìbò. Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀."

Onọrébù sọ̀kalẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Táyà ti ń kúrò nínú omi gọ́tà nígbà tí fóònù Bàbá dún. Asiata, ìyàwó rẹ̀, ló ń pè.

"Bàbá Taofeek, ẹ máa bọ̀ o! Òpó yẹn ti ń ké!"

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ó tú jáàkì, ọkọ̀ onọrébù padà sínú gọ́tà, gbì! Ó gbé jáàkì rẹ̀ lé èjìká, ó kọrí sílé.

"Bàbá! Ọkọ̀ wa ńkọ́?"

"Ọkọ̀ kì í wó," ló dá wọn lóhùn láìwẹ̀yìn. "Ilé ló ń wó."

Òótọ́ ni, ilé rẹ̀ ń fẹ́ wó. Ilé alámọ̀ tí bàbá tó bí i kọ́ ni, omi òjò sì ti jẹ ìdí igun kan lára rẹ̀ títí ògiri fi tẹ̀. Jáàkì tí Bàbá mú bọ̀ látẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, tó fi igi gígùn lé e lórí láti ti igi àjà. Bí jáàkì bá máa jáde, á fi òpó igi kan dípò rẹ̀, òpó náà kò sì ṣeé fọkàn tán. Ìdí nìyẹn tí jáàkì náà fi gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó kírun Mọ̀gàríbì, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó.

Taofeek, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlémọ̀nà, kò yéé bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wó ilé yìí ká kọ́ tuntun. Ẹ̀rù ń bà mí, ó lè wó lù yín."

"Ibi tí wọ́n bí mi sí ni n ó kú sí. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa. Ṣé ògiri ló máa wá dá mi?"

"Ẹ kúkú ra jáàkì kejì."

"N ò ní fẹ́ orogún lé e. Bi ìyá rẹ bóyá mo fẹ́ orogún lé òun náà."

Ṣẹ́gunfúnmi bíríkìlà ní òun á bá a mọ òpó búlọ́ọ̀kù ti ògiri náà láti ìta, Bàbá bá a bínú fún odindi oṣù Ráńmàdáánì. Ó ní ẹni tó bá ní jáàkì nílé tó tún ń wá bíríkìlà ti dójú ti jáàkì.

Iṣẹ́ wo ni jáàkì ọ̀hún kò ṣe tán? Ó gbé fìríìsà, ó gbé ọlọ ata, ó na irin fèrèsé tó wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá jáàkì ti yá Bàbá mọ́ ọn, nítorí kì í jẹ́ kó dá jáde. Nígbà tí Màrdíyyàh, tó ń dín gààrí l'Ójòkú, fẹ́ fi í tẹ omi kúrò lára ẹ̀gẹ́, Bàbá jókòó ti àpò ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ bí àna ìyàwó. Ó ń pàṣẹ fún gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, ó sì ń tọ́ gààrí gbígbóná wò bí wọ́n ti ń dín in. Nígbà tó máa fi délé, kò lè jẹun alẹ́. Ó sọ fún Asiata pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún jáàkì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ògúnwùmí ọdẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í gba fún ara wọn. Ògúnwùmí yá jáàkì láti fi gbé igi tó wó dí ọ̀nà oko rẹ̀. Bí iṣẹ́ ti parí, ó gbé ìgò epo pupa jáde.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Irin ni jáàkì, Ògún ló ni irin. Jẹ́ kí n ta á lépo díẹ̀."

"Mùsùlùmí ni jáàkì tèmi! Ọ́ìlì nìkan ló ń mu."

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

Bàbá wo ìgò náà. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní Asiata á fi se ẹ̀wà.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kan ni Bàbá sùn tí kò jí mọ́, nínú yàrá tó ní òun máa kú sí. Ògiri kò wó lù ú. Ó jàre gbogbo wa, ó sì dùn wá pé kò sí nílé láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Taofeek sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó dìde kí wọ́n jọ máa lọ sí Ìlémọ̀nà, kí wọ́n wó ilé náà kó tó pa èèyàn.

"Níbí ni mo ti bá bàbá rẹ gbé," ni Asiata wí. "Mi ò lọ síbì kankan."

"Ta ló máa wá máa ṣọ́ jáàkì, Màámi?"

Asiata wọ yàrá, ó lọ wo jáàkì. Ọ̀rọ̀ pé kò fẹ́ kúrò nílé náà délé, ó dóko. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ṣẹ́gunfúnmi kó búlọ́ọ̀kù dé. Ògúnwùmí gé igi wá. Màrdíyyàh kó àwọn obìnrin Òjòkú wá pọnmi. Onọrébù pàápàá fi sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ilé náà kó má ṣe já sí gọ́tà, nítorí ojú òun ti rí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n mọ òpó ti ògiri láti ìta, wọn kò fọwọ́ kan amọ̀ inú.

Nígbà tí sìmẹ́ǹtì gbẹ, ó ku kí wọ́n tú jáàkì. Àwọn ọkùnrin ń wojú ara wọn. Asiata ní kí wọ́n yàgò, òun lòun máa ń bá a tú u. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra tú u. Gbogbo wa tí a wà níta ń retí. Ilé kò mì, iyẹ̀pẹ̀ kankan kò sì já bọ́.

"Màámi! Ó dúró!" Taofeek sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ì bá tiẹ̀ mì díẹ̀," ni Asiata wí. "Ì bá mì díẹ̀, kó fi hàn pé ó mọ̀ pé bàbá rẹ ti lọ."

Taofeek jókòó tì í lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Kò dárúkọ Ìlémọ̀nà mọ́.