Òdo Tí Mo Fún Ìyàwó Mi

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé girama kan ní Kétu, n kò sì rántí pé mo fi ọ̀rọ̀ lé ọmọ kankan kúrò nídìí ìwé. Ìyàwó mi nìkan ni mo ṣe é sí.

Télọ̀ ni. Yàrá iwájú ilé tí a háyà ní Ìkòsí ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú àwa yìí, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe ìdánwò GCE, kí òun lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ikú bàbá rẹ̀ ló mú un kúrò ní ilé-ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní àwọn ọmọ wa méjèèjì ti kúrò lẹ́yìn, ọwọ́ òun ti tú.

Mo bi í pé, “Ta ni yóò kọ́ ọ ní kẹ́mísìrì?”

“Daddy, ṣé kí n lọ sanwó fún tíṣà ẹlòmíràn ni, kí tèmi jókòó sílé kó máa jẹ iyán?”

A bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ la ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló fi ń ya àwòrán, á sì fi ọwọ́ nù ún kúrò. Ó ń yá a lára. Mo máa ń retí ọjọ́ Ìsinmi nígbà náà ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Nígbà tí a dé orí ooru, mo ṣàlàyé fún un pé ooru tó wọ inú nǹkan yàtọ̀ sí bí nǹkan náà ṣe gbóná tó. Mo ní kí á wọn omi àti irin tó wúwo bákan náà, kí á fẹ́ kí àwọn méjèèjì fi ìwọ̀n kan náà gbóná sí i. Ooru tí omi yóò gbà tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti irin. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó kọ ìdí tí irin fi ń tètè gbóná ju omi lọ.

Ó wo áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ tó wà lórí pẹpẹ, ó ronú, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọ ohun tó jẹ́ báyìí ní Yorùbá: *Omi máa ń jẹun pẹ́ kó tó yó. Irin, òkèlè kan ti tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó pẹ́ kó tó yó, ebi kì í tètè pa á.* Ó ní bí òun bá da èédú inú áyọ́ọ̀nù jáde tí oníbàárà kan bá ń ròyìn, kí ìròyìn náà tó parí irin rẹ̀ ti tutù, nígbà tí omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mo ń máàkì ìwé ìdánwò lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà. Bírò pupa wà lápò mi. Mo fà á yọ, mo fagi lé e, mo sì kọ òdo sí i.

“Kí ni mo ṣì níbẹ̀?”

“Ẹni tó máa máàkì rẹ kò mọ òkèlè.”

“Ṣé kì í jẹun ni?”

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ó máa ń yé àwọn ọmọ kékeré lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ, àgbà...” N kò parí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Ó dé bírò rẹ̀. “Ẹ ṣeun, sà.” Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó aṣọ padà sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, ẹni tí kì í ránṣọ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ṣe ìdánwò náà, ó yege nínú ìyókù, kò yege nínú kẹ́mísìrì. Kò bá mi wí, kò sì dárúkọ nọ́ọ̀sì mọ́.

Ní ọdún kejì, nínú kíláàsì kan tí gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé omi máa ń jẹun pẹ́ kó tó yó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì yé wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń fi kọ́ wọn lọ́dọọdún. N kò sọ fún un.

Àìsàn kíndìnrín ló dá a dùbúlẹ̀, kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn ìdánwò náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọsibítù, mo sọ fún un pé ìdáhùn rẹ̀ ọjọ́ yẹn ló tọ̀nà.

“Ìdáhùn wo?”

Mo ṣàlàyé. “Ẹ̀yin lẹ ṣì ń rántí ìyẹn,” ló wí. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé ni tàbí ó ń dárí jì mí. Mo jẹ́wọ́ pé òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

“Ẹ jalè, Daddy.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Èwo ló kàn lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ ò kọ́ mi dé ibẹ̀.”

Dókítà ti dín omi tó ń mu kù, nítorí náà yìnyín ni wọ́n ní kó máa lá. Mo fi ẹyọ kan sí i lọ́wọ́. Mo ní bí yìnyín bá ti ń yọ́, ooru ń wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ kò ní gbóná sí i rárá títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di omi.

Ó wò ó títí. “Níbo wá ni ooru yẹn ń lọ?”

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní àsìkò ìbẹ̀wò ti tán. Mo ní, “Màá sọ fún ọ lọ́la.”

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú.

Ìdáhùn náà kò gùn. Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà. Ká ní mo bẹ nọ́ọ̀sì yẹn ni, ì bá fún mi.