Fọ́tò Tí Mo Yà ní Èjìnrìn

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ díspáàṣì, iṣẹ́ gbígbé ọjà lọ sílé oníbàárà, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú, ọ̀gá mi kò bi mí bóyá mo mọ ọ̀kadà gùn. Fóònù ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bí o ò bá rí ojú ẹni tó ni káàdì, má gbé àpò sílẹ̀. Bí o bá sì fún ẹlòmíì ní fóònù yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn."

Káàdì oúnjẹ ló ń sọ. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kan ló ń fi í ran àwọn arúgbó tí kò lẹ́ni lọ́wọ́. Arúgbó náà á pe ṣọ́ọ̀bù wa lórí fóònù, á ní òun fẹ́ gàrí, ẹ̀wà tàbí òróró. A ó yọ owó rẹ̀ lórí káàdì, èmi á sì gbé àpò náà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí n tó gbé e sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ ya ojú rẹ̀ ní fọ́tò, nítorí àwọn ẹbí kan ti ń gba ìrẹsì arúgbó lọ tà kí òfin náà tó dé. Bí mo bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta láìrí fọ́tò yà, káàdì á kú, wọn á sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìkirè ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá kan ni mo háyà ní Ìkòròdú. Mo fẹ́ràn òfin. Fún ọdún méjì, àpò mi kankan kò ṣìnà, mo sì ń fi yangàn títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ mí ní Pásítọ̀ Fóònù.

Ìyá Ràfátù wà lára àwọn oníbàárà mi ní Èjìnrìn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú tipẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ló kù nínú ilé. Lọ́jọ́ kan mo kan ilẹ̀kùn, ó dáhùn, kò jáde. Ó ní kí n bá òun gbé àpò sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọkọ òun ti kú, òun ń ṣe opó, òun kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin àjèjì kò sì gbọdọ̀ rí ojú òun títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Mo bá a kẹ́dùn. Mo sì gbé àpò padà sórí ọ̀kadà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Kúdí tó ń yan ẹja ní ilé kejì dìde wá bá mi. Ó ní inú ilé ṣókùnkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé; kí n fún òun ní fóònù, òun á lọ ya ìyá náà níbẹ̀. Mo ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Wọ́n rán ẹ níṣẹ́ ẹrú, o ò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹ̀bà mi lèmi àti ìyá yìí jọ ń pín jẹ. Èmi náà ò ní."

Inú bí mi. Lójú mi, wọ́n fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ni. Mo pariwo gba ojú fèrèsé pé bí mo bá tún padà wá tí n kò rí ojú, káàdì ti kú nìyẹn. Ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé: wọ́n san owó iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà, mo sì jẹun yó.

Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ìyá náà tó tún pe ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta yìí, n kò tíì kan ilẹ̀kùn tó fi ṣí. Ìyá Ràfátù bọ́ sínú oòrùn, ó di ògiri mú. Ó ti rù débi pé aṣọ ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Ìborùn ló fi bojú. Ìyá Kúdí yí ojú sí ibòmíràn. Mo gbé fóònù sókè, fóònù kọ̀, ó ní òun kò rí ojú. Mo sì la ẹnu, mo ní kí ó ṣí ìborùn náà. Ó ṣí i, ó ń sunkún. Mo tẹ fóònù.

Ó gba àpò. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù." Ó wọlé.

Ọ̀gá mi yìn mí pé fọ́tò náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú tì mí débi tí n kò lè jẹun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé bí opó bá wà nínú ilé, kí wọ́n fún obìnrin ní fóònù kó wọlé lọ yà á. Ọ̀gá mi mọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ti kọjá, aládùúgbò mi kan tó jẹ́ àfáà sọ fún mi pé ẹ̀sìn kò ní kí opó fi ebi pa ara rẹ̀, Ọlọ́run kò ní bi ìyá náà léèrè pé ó ṣí ojú. Inú mi dùn díẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Èjìnrìn láti lọ sọ fún un, mo sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọlọ́run ò ní bi mí. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún ọkọ mi, ọmọ mi, o ò sì jẹ́ kí n ṣe é tán."